Ìdajì Lẹ́tà Tí Mo Kọ Nípa Ìbọn

Ọlọ́pàá tí mo kọ́kọ́ rí ní Liverpool, ilé ìdáná ló ti bá mi. Mo ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó ṣílẹ̀kùn láìkàn án, ó bọ́ fìlà gíga orí ẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì mi, ó sì jókòó. Èmi dìde. Mo ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú kó lè rọrùn fún un láti dè mí. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn kì í dúró dìgbà tó bá mọ̀ ọ́n kí ọlọ́pàá tó mú un.

"Kí ló ń ṣe eléyìí?" ló bi ìyá onílé mi.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni," ni ìyá náà wí. "Sún ṣúgà sọ́dọ̀ ẹ̀."

Àṣé ọmọ ẹ̀ ni. Tọ́mì lorúkọ ẹ̀, ó wá mu tíì lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ni. Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀, mo wo ìbàdí ẹ̀ lọ́tùn-ún, mo wò ó lósì. Kò síbọn. Kóńdó kan ṣoṣo ló wà lára ẹ̀, kò sì gùn tó orógùn tí ìyá mi fi ń ro ọkà. Mo bi í bóyá ó gbàgbé ìbọn ẹ̀ síbi iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i láṣọ. Ó ní òun ò gbé ìbọn rí látọjọ́ tóun ti ń ṣọ́ àdúgbò, àfi èyí tóun gbé lójú ogun.

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe torí Tọ́mì. Torí Jímọ̀ ni.

Ọmọ Ògìdì ni èmi àti Jímọ̀, nílẹ̀ Ìjùmú. Ilé wọn kọjú sí ilé wa. Bàbá tiẹ̀ ń kírun, bàbá tèmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwa ọmọ sì ń jẹ Iléyá àti Kérésìmesì pọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ka ìwé dé Sítáńdáàdì Tíríì. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn fi ìwé sílẹ̀. Ní tèmi, ìwé ló fi mí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gba ọlọ́pàá ní Kàbbà, èmi àti Jímọ̀ jọ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Wọ́n fi téèpù wọn àyà wa. Ti Jímọ̀ pé, ó tún lé. Ọkùnrin tó wọn tèmi ní kí n mí sínú. Mo ní mo ti mí sínú. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ọjọ́ náà nìlara wọ̀ mí lára. Jímọ̀ ò ṣe nǹkan kan fún mi o. Ó tiẹ̀ bá mi ru ẹrù mi padà sí Ògìdì. Bó bá jẹ́ pé ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ìbá rọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tó yá tí mo rí ọ̀nà dé ìlú Òyìnbó, àwọn ará ilé ní ọlà ni mo wá lọ. Mo gbà fún wọn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ máa rí ọkùnrin yẹn nínú ṣòkòtò kákí lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n mo ní àfẹ́sọ́nà, Tóyìn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ẹni gbọ́dọ̀ máa ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá ọmọ náà lọ́dọọdún: á kó ẹgbẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn, wọn á lọ kọ ebè lóko àna fún odindi ọjọ́ kan, títí wọn ó fi gbé ìyàwó fún un. Èmi ti ṣe ọ̀kan. Bí ọkùnrin ò bá sí nílé, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ni yóò máa kó ẹgbẹ́ lọ dípò ẹ̀. Ta ni mo lè bẹ̀? Gbogbo ìlú mọ̀ pé èmi àti Jímọ̀ ni. Bí mo bá bẹ ẹlòmíì, wọn á bi mí léèrè ìdí. Báyìí ni mo fẹnu ara mi bẹ ẹni tí mo ń jowú ẹ̀ pé kó máa lọ sílé àfẹ́sọ́nà mi. Àyà mi nìkan kọ́ ló kéré, ọpọlọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi.

Iṣẹ́ tí mo rí ní Liverpool, ìgò ni mò ń fọ̀. Ìgò mílíìkì. Wọ́n á kó wọn dé ní ìdọ̀tí, màá tì wọ́n sínú ẹ̀rọ, wọ́n á jáde lódìkejì, màá wò wọ́n lójú, èyí tó bá sán màá yọ ọ́. Lálẹ́ tí mo bá dijú, ìgò ni mò ń rí. Ọ̀gá mi ò mọ orúkọ mi, ó ń pè mí ní Sam. Mo ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀mejì pé kì í ṣe Sam. Ó ní, "Ó dáa, Sam."

Nílé, bí èèyàn bá ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n á ti mọ ọmọ ilé tó jẹ́ látinú bó ṣe ń rìn. "Òkun o," ni wọ́n á kọ́kọ́ kí i, kí wọ́n tó bi í bí oko ṣe rí. Ní Liverpool, mo lè rìn láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má kí mi, bí kò ṣe ajá kan lójúlé kẹta tó máa ń gbó mi. Mo ti ń ka ajá náà sí ojúlùmọ̀. Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé èmi tí mo wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹnì kankan, èmi tó sì wà nílé, Jímọ̀ ló ń jẹ́ ẹ.

Lọ́dún kejì, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ bàbá Tóyìn. Ó ń sọ ọ́ lẹ́nu ni, tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì ń bá a kọ ọ́.

"Òkun o, ọmọ mi. Ara wa le. Ìjà ààlà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín abúlé méjì lọ́nà ọ̀hún, ìjọba sì ní káwọn ọlọ́pàá máa gbé ìbọn rìn kiri ọ̀nà oko àti ọjà. Jímọ̀ wà lára wọn. Ó tún kó ẹgbẹ́ yín wá ṣe ọ̀wẹ̀ rẹ bíi ti èṣí. Ojú ọ̀nà ló ti ń bọ̀, ìbọn wà léjìká ẹ̀. Ó gbé e fún ọlọ́pàá kejì ẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ, ó bọ́ ẹ̀wù, ó gba ọkọ́. Ebè tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Gbogbo ọmọge àdúgbò ló gbé omi wá fún un. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òùngbẹ máa ń gbẹ ọlọ́pàá tó bẹ́ẹ̀. Tóyìn ló kọ́kọ́ dé."

Mo ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn títí bébà fi fẹ́ ya. Àyà tí wọ́n wọ̀n ní Kàbbà tó sì pé ò tó Jímọ̀, ó ti wá bọ́ ẹ̀wù lóko àna mi. Bó bá jẹ́ pé dógarì lásán ló jẹ́, àwọn tó ń gbé pàṣán tẹ̀lé ọba, ìyẹn ò ní dùn mí. Ṣùgbọ́n ìbọn. Ta ló máa rántí ẹni tó ń fọ ìgò nígbà tí ẹni tó gbé ìbọn bá ń mumi lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó lérò lórí ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọlọ́pàá. Mo ń bi Tọ́mì ní ìbéèrè lójoojúmọ́, ó rò pé mo fẹ́ wọṣẹ́ náà ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ní ọ̀sán gangan, mò ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo rí èrò níwájú ilé ọtí. Atukọ̀ ojú omi kan ti mutí yó, ó fọ́ ìgò, ó mú ọrùn ìgò náà dání, ó ń nà án sí àwọn èèyàn. Ìgò mílíìkì ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo fọ̀ ọ́. Mo bọ́ sẹ́yìn àpótí lẹ́tà pupa etí títì. Mo sì lè jẹ́rìí pé àpótí lẹ́tà ìlú Òyìnbó nípọn dáadáa.

Tọ́mì dé. Kò sáré. Ó rìn lọ bá ọkùnrin náà bí ẹni tó ń lọ kí aládùúgbò.

"Fún mi," ló wí. "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Fún mi, kó o máa lọ sùn."

"Màá gún ẹ."

"Mo mọ̀. Fún mi náà ni."

Lẹ́yìn àpótí tí mo wà, àdúrà tí mò ń gbà ni pé, "Olúwa, fún ọlọ́pàá yìí níbọn." Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Ọkùnrin náà ju ọwọ́, ìgò la àtẹ́lẹwọ́ Tọ́mì láti ìdí àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí ọ̀mùtí náà rí ẹ̀jẹ̀, ó ju ìgò sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Tọ́mì fi ọwọ́ tó kù dì í mú, wọ́n jọ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti rán ọwọ́ ẹ̀, ó jókòó sílé ìdáná, ìyá ẹ̀ ò sì jẹ́ kó mu tíì láàlàáfíà.

"Àwọn tó ní kí ọlọ́pàá má gbé ìbọn," ni ìyá náà ń wí, "ṣé ọmọ tiwọn ló ń jáde lọ?"

"Màámi, bí mo bá gbé tèmi, ọ̀mùtí yẹn náà á gbé tiẹ̀ lọ́jọ́ mìíì."

"Kó gbé e. Ìwọ ṣáà máa bọ̀ wálé pẹ̀lú ọwọ́ méjì."

"Bí mo bá níbọn lánàá, mo lè ti yìn ín. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ mẹ́ta o, Màámi."

"Èmi ní ọ̀kan," ni ìyá náà dáhùn. Ó gbé kẹ́tù omi tíì, ó sì kẹ̀yìn sí wa.

Mo gòkè lọ sí yàrá mi, mo kọ̀wé sílé. Ohun tí mo kọ nìyí: "Níbí tí ìjọba ti wá, ọlọ́pàá kì í gbé ìbọn. Mo fojú mi rí ọ̀daràn tó mú ìgò fífọ́ dání, ọlọ́pàá fi ẹnu lásán gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ọwọ́ òfìfo ni ọkùnrin fi ń ṣọ́ ìlú níbí. Ojo nìkan ló ń wá ìbọn."

Kò sí irọ́ níbẹ̀ tí ẹ lè fọwọ́ tọ́ka sí. Mo kàn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni. Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo fi ìyá Tọ́mì sílẹ̀, mo fi àpótí lẹ́tà tí mo sá sí lẹ́yìn sílẹ̀. Ìdajì ni mo kọ, ìdajì tó lè bọ́ ìbọn kúrò léjìká Jímọ̀.

Ẹ mọ̀ pé lẹ́tà kì í ṣe ti ẹnì kan nílé wa. Tíṣà jókòó níwájú ilé, ó kà á sókè fún gbogbo agbo ilé, Jímọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Tíṣà ló kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bàbá Tóyìn, tó jẹ́ ọdẹ kó tó gbájú mọ́ iṣu, yíjú sí Jímọ̀.

"Èmi fi ṣakabùlà pa ẹfọ̀n rí," ló wí, "ṣùgbọ́n mi ò gbé e lọ sọ́jà rí. Jímọ̀, ta lo fẹ́ pa lọ́jà?"

"Bàbá, ọ̀gá mi ló gbé e lé mi lọ́wọ́."

"Tò. Àwọn ọ̀gá ọ̀gá ẹ kì í gbé e nílé tiwọn. Àbí o ò gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ wí?"

Wọ́n ní àwọn ọmọge rẹ́rìn-ín. Mo ra sadíìnì agolo kan lọ́jọ́ tí mo ka ìyẹn, èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́ tán, mo sì fi búrẹ́dì nu òróró ìdí ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú Òyìnbó, ìyẹn ni àṣeyọrí mi àkọ́kọ́.

Adùn náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Lẹ́tà Jímọ̀ fúnra ẹ̀ dé tẹ̀ lé e.

"Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín díẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n mo ro ọ̀rọ̀ ẹ. Bí mo bá gbé ìbọn dé ọjà, àwọn obìnrin á palẹ̀ ẹrù mọ́, àwọn ọkùnrin á máa wò mí bí ẹni tó ń wo ejò. Kò sẹ́ni tó ń sọ òótọ́ fún ẹni tó gbé ìbọn. Mo ti bẹ ọ̀gá mi kó jẹ́ kí n máa fi kóńdó nìkan ṣọ́ ọjà. Ó ní bí nǹkan bá ṣe mí, èmi ni mo fọwọ́ fà á. Mo gbà. Ìwọ lo fojú rí i, o ò sì parọ́ fún mi rí."

Ó yẹ kí n kọ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní yíǹkì tán. Yíǹkì ò tán. Mo ní ó rẹ̀ mí. Ìgò ò sì pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó ṣe mí ni pé mo tún ń jowú. Mo bọ́ ìbọn kúrò léjìká ẹ̀ kó lè kéré, ló bá tún ga sí i. Èmi tí mo sá sẹ́yìn àpótí ni mo sọ ọ́, òun ló wá ń ṣe é ní tòótọ́.

Nígbà ọyẹ́, tíṣà kọ̀wé. Ìjà ààlà náà ti wọ ọjà. Ọkùnrin kan fa àdá yọ sí ìkejì ẹ̀, Jímọ̀ sì bọ́ sáàárín wọn pẹ̀lú ọwọ́ lásán, ó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ẹ fún mi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fún mi, ká lọ sílé." Àdá bà á lápá ọ̀tún. Ọkùnrin náà rí ohun tó ṣe, ó ju àdá sílẹ̀, ìjà sì tán níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta lọ́wọ́ Jímọ̀ ò ká mọ́.

Tíṣà ní ìlú pín sí méjì lórí ẹ̀. Àwọn kan ní bó bá gbé ìbọn, ta ló máa fa àdá yọ? Àwọn kan ní bó bá gbé ìbọn, òkú mélòó ni wọn ì bá sin lọ́jọ́ náà? Mo ka ti ẹgbẹ́ kìíní, mo gbà pẹ̀lú wọn. Mo ka ti ẹgbẹ́ kejì, mo gbà pẹ̀lú àwọn náà. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta ò sí nínú àríyànjiyàn kankan. Ara èèyàn ni wọ́n wà.

Nígbà tó di àsìkò ebè, ó tún kó ẹgbẹ́ wa lọ ṣe ọ̀wẹ̀ mi. Kò lè di ọkọ́ mú. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń kọrin fún wọn. Mo sì jowú ọgbẹ́. Ẹ bá mi wò ó. Mo jowú kákí, mo jowú ìbọn, ó wá kan ọgbẹ́.

Lẹ́tà tó tẹ̀ lé ìyẹn, mi ò mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà tóbi, ó sì wọ́. Tóyìn ni, ó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. Ìlà mẹ́rin péré ni.

"Òkun o. Mo mọ̀ ẹ́ dáadáa. O ò kí ń sọ̀rọ̀ tán. Ọlọ́pàá tó fẹnu lásán gba ìgò, kí ló ṣe é lẹ́yìn náà? Kọ gbogbo ẹ̀."

Mo mú un lọ síbi iṣẹ́, mo mú un bọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá kọ gbogbo ẹ̀, mo lè pàdánù ẹ̀. Bí mo bá sì tún kọ ìdajì, yóò mọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo jókòó sílé ìdáná, mo kọ ojú ewé mẹ́fà. Mo kọ ẹ̀jẹ̀, mo kọ abẹ́rẹ́, mo kọ ohun tí ìyá Tọ́mì wí àti bó ṣe kẹ̀yìn sí wa. Mo kọ àpótí lẹ́tà. Mo kọ ọ́ pé kì í ṣe torí ààbò ìlú ni mo ṣe kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, pé omi tó gbé fún Jímọ̀ mu ló fà á. Mo bẹ Jímọ̀. Látọjọ́ tí mo ti mọ ọwọ́ kọ, ìyẹn nìkan ni lẹ́tà tí mo kọ tán.

Mo tún ti gbàgbé pé lẹ́tà kì í ṣe ti ẹnì kan nílé wa. Ojú ewé mẹ́fà pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé, Tóyìn gbé e fún tíṣà, tíṣà sì kà á sókè níwájú gbogbo wọn. Wọ́n ní nígbà tó débi àpótí lẹ́tà, Jímọ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di apá tó ń dùn ún mú. Nígbà tó débi omi, ó ní kí tíṣà tún ibẹ̀ kà.

Èsì Tóyìn ò gùn. "Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. O ṣeun tó o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ìdajì fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, yóò sọ ìdajì fún ìyàwó ẹ̀. Jímọ̀ ni mo fẹ́. Òun kọ́ ló ní kí n wá. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì torí tìẹ. Èmi ni mo sọ fún un pé ó tó."

Wọ́n máa ń bi mí báyìí, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ń dé, nígbà tí wọ́n bá rí ọlọ́pàá tó ń kọjá pẹ̀lú ọwọ́ lásán: ṣé kí tiwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ń sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbà á gbọ́ ju ìgbà tí mo fi ń jowú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ọlọ́pàá fi ìbọn sílẹ̀, kó sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ máa kán sí fún un, kó sì sọ fún ìyá ẹ̀ náà. Kó má sọ ìdajì. Wọ́n máa ń rò pé ọ̀mọ̀wé ni mí.

Ó ku ètò ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọbìnrin bá yan ẹlòmíì, iṣẹ́ niṣẹ́ ń san: ọkọ tuntun gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko bàbá ẹni àkọ́kọ́, ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan. Àwọn àgbà pé jọ. Bàbá mi ló sọ ọ́, tíṣà ló bá a kọ ọ́.

"Ọ̀wẹ̀ mélòó ló ti ṣe?" ni olórí wọn béèrè.

"Mẹ́rin," ni bàbá mi wí. Ó fi ìgbéraga sọ ọ́.

"Ta ló ṣe é?"

Jímọ̀ ló dáhùn. "Ó ṣe ọ̀kan kó tó lọ. Èmi ni mo kó ẹgbẹ́ lọ fún mẹ́ta."

"Tò," ni àgbà náà wí. "Jímọ̀, mẹ́ta tó kù, lọ san án fún ara ẹ."

Bàbá mi ní òun náà rẹ́rìn-ín, kí n foríjì òun. Wọ́n dájọ́ fún ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi. Jímọ̀ kó àwọn ẹgbẹ́ wa wá sóko wa láàárọ̀ kùtù, ó fi okùn so ọkọ́ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ torí ìka tí kò ká, ó sì kọ ebè pẹ̀lú wọn títí iṣẹ́ fi tán. Tóyìn gbé omi wá. Bàbá mi ní kí n má bínú, ṣùgbọ́n ebè náà tọ́ ju èyí tí èmi máa ń kọ lọ.